Òkè Mápó àti Bíréèkì Ẹ̀yìn Tí Kì í Gbọ́: Ta Ni Oní-Máṣìnì Yóò Bi?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú Ìbàdàn ṣe tẹ́ rẹrẹ tó, kó gun Òkè Mápó. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì ẹ̀yìn máṣìnì kan ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, orí òkè yìí kan náà ni kó ti sọ̀ kalẹ̀. Lókè téńté, níwájú gbọ̀ngàn olópòó gàgàrà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, páànù tó ti dípẹtà ló lọ súà títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ, ilé fara ti ilé, òrùlé gorí òrùlé. Ọjàaba wà nísàlẹ̀ lápá kan, Bẹẹrẹ wà lápá kejì, orí òkè sì ni ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ gbà kọjá. Ọ̀nà yìí kì í sinmi. Ọkọ̀ Micra ń fọn fèrè, alágbàárù ń sáré tòun ti ẹrù lórí, ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá ń pariwo, àwọn ọlọ́kadà sì ń gba àárín gbogbo wọn kọjá bí eṣinṣin tó gbóòórùn ọbẹ̀.

Ní Bẹẹrẹ, ẹ ó rí wọn tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí máṣìnì. "Ọjàaba! Ọjàaba èèyàn kan! Ìyá, ṣé Ọjàaba ni?" Ìyá á ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ló dé tí owó pọ̀ tó báyìí, ṣé bàálù ni wọ́n fẹ́ gbé òun wọ̀ ni? Ìyá ò jìnnà sóòótọ́ o. Ara bàálù gan-an ni orúkọ ọ̀kadà ti jáde wá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ, ni àwọn ọmọ aráyé fi ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní alùpùpù tó ń fò kọjá gosíló ò yàtọ̀ sí i. Bàálù ọ̀hún ò fò mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ ló kù sára máṣìnì.

Tí wọ́n bá ti ná an tán, àpò èlùbọ́ ìyá á bọ́ sórí táǹkì níwájú, ìyá á jókòó sẹ́yìn, ọlọ́kadà á tún yọjú wò bóyá ẹlòmíì ń bọ̀ tí yóò há mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Máṣìnì á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi, á sì gòkè. Gígun òkè ò ṣòro fún un, jíà kìíní ni. Inú sísọ̀ kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Bí wọ́n bá ti kọrí sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọlọ́kadà fi ń tẹ pẹ́dà bíréèkì ẹ̀yìn. Máṣìnì tí ara rẹ̀ dá á rọra dẹwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn fún wákàtí kan péré. Ẹ ó gbọ́ èyí tó ń han bí ẹni ń lọ irin mọ́ irin. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n tẹ pẹ́dà rẹ̀ títí tó fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, tí máṣìnì ṣì ń bá tirẹ̀ lọ bíi pé wọn ò bá a wí. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá rí ọgbọ́n ìkẹyìn: ọlọ́kadà á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, sílípáàsì á máa wọ́ títì, ṣàà, ṣàà, ṣàà, èrò ẹ̀yìn á ti dì í mú lẹ́wù, gbogbo wọn á máa pe orúkọ Olúwa. Sílípáàsì ti di bíréèkì nìyẹn. Ẹ wo àtẹ́lẹ̀ bàtà àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kan, gìgísẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ tán.

Àwọn ìyá àgbà tó mọ òkè yìí dunjú kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti gorí òkè tán, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, dúró ńbí, gbé ẹrù mi fún mi." Wọ́n á sanwó pé, wọ́n á gbẹ́rù karí, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn sísàlẹ̀. Inú máa ń bí àwọn ọlọ́kadà míì sí i, wọ́n á ní ìyá fojú tín-ín-rín òun. Ta ló lè bá ìyá wí?

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ bíréèkì ẹ̀yìn nìkan là ń pariwo rẹ̀, ṣebí méjì ló wà lára máṣìnì. Òótọ́ ni. Ti iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù ejò, nítorí wọ́n ti rí ẹni tó fún un lójijì lórí iyanrìn, tí máṣìnì sì gbé e sọnù. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni wọ́n gbójú lé, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀, bí nǹkan tó ń sáré bá fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ máa ń wọ́ lọ, iwájú ló sì yẹ kó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi bíréèkì ẹ̀yìn ṣe. N'Ìbàdàn, ó ti di ọ̀gá pátápátá, wọ́n sì ń gbé ẹrù ọ̀gá lé e.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Ẹ fojú inú wo ìkòkò kan tó ń yí, tí ẹnì kan ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ara ìkòkò látinú kó lè dúró. Ìkòkò yẹn ni họ́ọ̀bù. Ọwọ́ méjèèjì ni ṣúù, irin méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, tí wọ́n lẹ láínì mọ́ lẹ́yìn. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin gbọọrọ kan á fà, á yí irin kékeré kan tó wà láàárín ẹnu ṣúù méjèèjì, ṣúù á ya, wọ́n á sì há mọ́ ara họ́ọ̀bù. Gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, láínì jẹ díẹ̀, ooru sì jáde. Bí láínì ṣe ń jẹ ni pẹ́dà ń jìn sísàlẹ̀ sí i, títí mẹ́káníìkì á fi yí nọ́ọ̀tì kan tó wà nídìí irin gbọọrọ náà, tí pẹ́dà á tún gòkè. Àmọ́ nọ́ọ̀tì ò lè dá láínì tó ti tán padà.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì máa ń wà, bí ìgbà tí oníṣègùn kọ́lé sẹ́nu ọ̀nà ilé aláìsàn. Tábìlì kan, pọ́ǹpù kan, àpótí irinṣẹ́ àti ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti mú dúdú. Ọlọ́kadà á dé, kò ní í sọ̀ kalẹ̀ pàápàá: "Ọ̀gá, ẹ bá mi fún bíréèkì." Ọ̀gá á fi sípánà yí nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ní ìjẹta, ọmọ náà tún ti dé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó tún dé. Tí wọ́n bá wá tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé àìsàn yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò fura sí, àfi àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn. Bí ṣéènì bá dẹ̀, mẹ́káníìkì á tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ṣéènì lè le. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sẹ́yìn, ó ń fa irin bíréèkì náà dání. Tí ọ̀gá ò bá rántí dẹ nọ́ọ̀tì bíréèkì, bíréèkì ti há nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kadà á máa gùn ún lọ, á rí i pé máṣìnì wúwo, á ní kábúrétọ̀ ni, á ní epo tí wọ́n rà ò dáa. Láìpẹ́ họ́ọ̀bù á gbóná débi pé tí wọ́n bá ta omi sí i, á hó. Láínì tó bá ti jóná báyẹn á le gbagidi, á máa dán bí awo, kò sì ní í di nǹkan kan mú mọ́. Ọmọ á lọ ra ṣúù tuntun. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀.

Àwọn yòókù ò fara sin. Gíríìsì tí wọ́n kó bọ bẹ́ríìnì ní àkójù á yọ́ nínú ooru, á ṣàn kan láínì, láínì tó bá sì ti mu gíríìsì ti di ẹja inú epo. Eruku á wọlé, á máa ha họ́ọ̀bù títí tí inú rẹ̀ á fi fẹ̀ ju ibi tí ṣúù lè dé lọ. Ẹlòmíì ò lówó ṣúù tuntun, mẹ́káníìkì á gé páànù agolo, á fi há ẹnu èyí tó ti jẹ kó lè ga sókè. Ìyẹn náà á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó burú jù ni irin kan tó di ìdérí họ́ọ̀bù mú kó má bàa bá ẹsẹ̀ yí. Bí bóòtì irin yìí bá já sọnù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì gidi ni ìdérí á yí, ẹsẹ̀ á dúró wámú lójú ibi tó wà, máṣìnì á dojú dé. Bóòtì kan ni o, tí owó rẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì yìí. Tí wọ́n bá ṣí họ́ọ̀bù, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ọmọ iṣẹ́ á sì dúró síbẹ̀ tí yóò máa fa á símú. Láínì míì ṣì ń bẹ lágbàáyé tí wọ́n fi asbestos ṣe, eruku asbestos sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí èèyàn ti gbàgbé. Ojú lásán ò lè mọ èyí tó ní in yàtọ̀. Aṣọ tí wọ́n rẹ sómi ló yẹ kí wọ́n fi nù ún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì, ẹ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ẹ má jà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ṣúù tuntun fúnra rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé ọ̀rìjínà ni àbí èyí tí kò wọ́n. Páálí méjèèjì jọra, àwọ̀ kan náà, àmì kan náà, àfi tí ẹ bá lójú inú. Owó èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀rìjínà lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó ń dunni ni pé èèyàn lè san owó ọ̀rìjínà kó sì gbé gbàrọgùdù délé, kó sì tó oṣù kan, láínì ti ṣí kúrò lára irin bí ìgbà tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá bó. Àwọn tó ń tajà náà á búra pé bí wọ́n ṣe kó o fún àwọn làwọn ṣe ń tà á, irọ́ kọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú Ọjàaba wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó wà. Láyé Ìbà Olúyọ̀lé ni ọjà yìí ti gba orúkọ, Ọjà Ìbà ni wọ́n ń pè é kó tó di Ọjàaba lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé gbogbo ọmọ tó ń gun ọ̀kadà ló ni máṣìnì wọn. Ó tì o. Ìyá tó jókòó ti àtẹ èlùbọ́ lè ní ọ̀kan. Télọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lè ní méjì. Onídìrí kó àjọ, kò fi ra aṣọ òkè, ó fi ra máṣìnì fún ọmọ àbúrò rẹ̀ tí kò ríṣẹ́. Máṣìnì tuntun ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà báyìí, owó tí ẹlòmíì fi ọdún mẹ́ta jẹ gaàrí láti kó jọ ni. Wọ́n á kọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí: ọmọ á máa gùn ún, á máa jẹ́ iye kan lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, owó tí wọ́n ń pè ní dílífà, nígbà tó bá sì san án pé, máṣìnì á di tirẹ̀. Àdéhùn tó dáa ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ara rẹ̀ di oní-nǹkan.

Àfi tí bíréèkì ẹ̀yìn bá dá sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù á dún. "Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ni mo wà láti àárọ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn náà ni." Màmá á ní, "Bíréèkì ẹ̀yìn wo? Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo gba owó bíréèkì lọ́wọ́ mi?" Ọmọ á dákẹ́, nítorí òótọ́ ni, ó gbà á. Màmá á lọ sùn, á máa rò ó pé ọmọ yìí ti ń jẹ owó òun. Ọmọ náà á sùn, á máa rò ó pé ìyá yìí ò láàánú, òun ì bá ti kú sórí òkè lọ́sàn-án yẹn. Ní oṣù kejì wọ́n á pe ẹlẹ́rìí, ní oṣù kẹta wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́. Ẹbí míì ti tú ká lórí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣúù inú páálí ló parọ́.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ti ọmọ tí kò pe fóònù rárá. Ó ti rí i pé bí òun bá tún dárúkọ bíréèkì, wọ́n á gba máṣìnì. Á dákẹ́, á máa gùn ún bẹ́ẹ̀, á máa fi sílípáàsì dá a dúró, títí ọjọ́ tí ọkọ̀ kan á fi dúró lójijì níwájú rẹ̀.

Wọ́n á ní kí olówó máṣìnì gbà lọ bá àwọn tó tà á fún un. Àwọn kan lọ. Ẹni tó bá gbé máṣìnì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà padà sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ti rà á, ohun tó máa ń gbọ́ ò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n á ní ṣúù jẹ́ ohun tó ń jẹ, kò sí nínú ohun tí gáráńtì kàn. Wọ́n á ní mẹ́káníìkì ìta ló ti fọwọ́ kàn án, gáráńtì ti bàjẹ́. Wọ́n á ní ẹrù tí ẹ gbé lé e ti pọ̀ jù. Ìwé pélébé tó bá máṣìnì wá sì wà níbẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ta ló túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá elélùbọ́ lọ́jọ́ tó ń ka owó rẹ̀ sílẹ̀? Ẹnu tí wọ́n fi polówó ọjà fún un, Yorùbá ni.

Ká má ṣe bú wọn jù, ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọlọ́kadà, kílò 70. Èrò méjì, 70 àti 70. Àpò ìrẹsì kan, 50. Ó ti di kílò 260, lórí máṣìnì tí òun fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 lọ. Ẹni tó ṣe é, èèyàn méjì ló ní lọ́kàn. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà náà ò sì gbà ju èrò ẹyọ kan lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, ìyá mọ̀, ọlọ́kadà mọ̀, àwọn agbófinró tó wà lábẹ́ agboòrùn ní oríta náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe máṣìnì náà mọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Wọ́n mọ̀ pé Áfíríkà ni wọ́n ń kó ọjà wọn wá, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀kadà ṣe, ẹrù àti èrò gan-an ni wọ́n ń fi polówó rẹ̀ pé ó lágbára. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ máṣìnì tó wà ní Bẹẹrẹ ti wá. Ní Íńdíà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2019, òfin ti dè é pé gbogbo máṣìnì tuntun tí agbára rẹ̀ ò ju 125cc lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì alásopọ̀, kó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá tẹ ti ẹ̀yìn, ti iwájú náà á bá a mú. Àwọn tó ju 125cc lọ gbọ́dọ̀ ní èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ti rí i pé ẹ̀yìn làwọn èèyàn máa ń tẹ̀, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n tí yóò fi bá a gbé ẹrù. Ó wà, wọ́n ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ máṣìnì tó ń gun Òkè Mápó ni kò ní in, nítorí òfin ọ̀dọ̀ wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa, òfin ọ̀dọ̀ wa ò sì bèèrè rẹ̀.

Kì í sì ṣe àwọn aláìní nìkan ni bíréèkì ẹ̀yìn ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Harley-Davidson, alùpùpù gbàǹgbà tí owó rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, ilé iṣẹ́ náà ní láti pe máṣìnì tó lé ní 300,000 padà ní 2011, nítorí pé ooru ẹ̀sọ́ọ̀sì ń ba súìṣì iná bíréèkì ẹ̀yìn jẹ́, omi bíréèkì sì lè jò dànù. Ní 2016, àwọn tó ń gun irú kan nínú rẹ̀ ń rojọ́ fún ìjọba pé bíréèkì ń já sófo. Ilé iṣẹ́ ní ìwé àwọn sọ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ omi bíréèkì lọ́dún méjì-méjì, pé àwọn tó ni ín ni kò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i, orin kan náà ni wọ́n ń kọ fún olówó àti tálákà. Àmọ́ ìjọba ò fi mọ bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, nígbà tó sì di 2018, ilé iṣẹ́ pe nǹkan bí 250,000 padà láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ mélòó ni ìjọba gbọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọ̀hún? 43 péré. Èèyàn 43 tó jókòó kọ ìwé. Ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó nìkan, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ní ẹjọ́ bíréèkì á ju 43 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n etí mẹ́káníìkì ni gbogbo ẹjọ́ náà ń parí sí.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni nǹkan míì tún ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Epo ti di góòlù. Tí wọ́n bá gun òkè tán, bóyá Mápó ni o, bóyá Òkè Ààrẹ níbi tí ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936 wà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà á yọ jíà sí fírì, àwọn míì á pa ẹnjìnnì pátápátá, kí máṣìnì máa yí lọ lásán. Ó dà bí èrè. Ṣùgbọ́n jíà tó wà nínú ẹnjìnnì ló ń bá bíréèkì di máṣìnì mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, gbogbo kílò 260 yẹn pẹ̀lú máṣìnì fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́rùn ṣúù méjì. Owó epo tí wọ́n fi pamọ́ lókè, mẹ́káníìkì á gbà á nísàlẹ̀.

Lákòókò òjò ńkọ́? Ìsàlẹ̀ gbogbo òkè n'Ìbàdàn, omi ló wà níbẹ̀. Ẹ mọ Ògùnpa, tó kún ya ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bá a lọ. Ẹ mọ omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Lọ́jọ́ òjò tí kò tiẹ̀ tó ìyẹn, omi á dúró dé ìdajì ẹsẹ̀ máṣìnì ní àfonífojì bíi Gẹ́gẹ́. Omi á wọ họ́ọ̀bù, láínì á tutù, bíréèkì á sì dà bí ọṣẹ títí tí yóò fi gbẹ. Àwọn ọlọ́kadà tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ mọ̀ pé tí èèyàn bá ti la omi kọjá, kó rọra máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, ooru á lé omi jáde. Àwọn ọmọ tuntun ò mọ̀, ẹni tí wọ́n bá kọ lù ló máa ń sọ fún wọn.

Èrò náà lè ṣe nǹkan kan kó tó gòkè. Kó ní kí ọlọ́kadà tẹ pẹ́dà níṣojú òun. Pẹ́dà tó dáa ò yẹ kó jìn ju ìwọ̀n ìka méjì lọ kó tó le. Èyí tó bá lọ kanlẹ̀ gbọrangandan, ẹ wá òmíràn, ẹ jẹ́ kí ó bínú. Olówó máṣìnì náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń rà á, ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ẹ gba ti ṣúù náà, ẹ fi páálí pamọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fi sí i sára ògiri. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó ra ọjà ni kó dára, kó sì tọ́jọ́ bó ṣe yẹ, ẹni tó ṣe ọjà tó ní àbùkù sì ní ẹjọ́ láti jẹ́. Àjọ SON ló sì yẹ kó máa wo ohun tó wà nínú àwọn páálí náà kó tó dé ọjà. Ìwé ẹnì kan lè sùn sínú fáìlì. Ìwé ọlọ́kadà gbogbo Bẹẹrẹ, tí wọ́n dárúkọ irú máṣìnì, oṣù tí wọ́n rà á àti iye ìgbà tí ṣúù ti tán, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti jókòó lé. Àwọn ọlọ́kadà ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní akọ̀wé, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé yẹn lè fi bírò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ míì yàtọ̀ sí kíkọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn páànù pupa náà, àwọn mẹ́káníìkì ìsàlẹ̀ òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ẹ ó rí agolo kan lẹ́sẹ̀ tábìlì, àwọn ṣúù tó ti jẹ tán ló kún inú rẹ̀. Tí agolo bá ti kún, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá, wọ́n á dà á sórí òṣùwọ̀n, kílò ni wọ́n ń wọ̀n. Òmíràn nínú àwọn irin náà kò tíì pé oṣù kan tó jáde nínú páálí. Ooru ti jó orúkọ tó wà lára rẹ̀ kúrò.